Ẹni ọdún 54 tí dókítà sọ fún pé àrùn Alzheimer ni: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ tètè ṣe

Ìbéèrè: Ọmọ Kétu ni mí, iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, mo sì ti pé ọdún 54. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gbàgbé nǹkan. Màá wọn oníbàárà, kí n tó mú sísọ́ọ̀sì, nọ́ńbà ti fò lọ. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rán apá bùbá kan sódì. Dókítà ní Kútọnu ní àrùn Alzheimer ni. Àwọn ará ilé mi ní Kétu ní àrùn arúgbó nìyẹn, pé ẹni tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún kò lè ní i, ọwọ́ ayé ni, kí n wá sílé wá ṣètùtù. Mo ṣì ń ṣiṣẹ́, mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Kí ni kí n ṣe? Ṣé àwọn ọmọ mi náà máa ní i?

Ìdáhùn: Ìyá, ẹ kú ìfaradà. Ìbéèrè yín ṣe kedere, ìyẹn fúnra rẹ̀ sì fi hàn pé ẹ ṣì ní àkókò láti fi ọwọ́ ara yín to nǹkan.

Ẹni ọdún 54 lè ní àrùn Alzheimer. Auguste Deter, obìnrin ará Jámánì tí wọ́n ti ara rẹ̀ mọ àìsàn yìí, ọmọ ọdún 51 péré ni nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà Alois Alzheimer nílùú Frankfurt lọ́dún 1901. Ó kú ní 1906, dókítà náà yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì sọ ohun tó rí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn arúgbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ní i lóòótọ́. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ kéèyàn tó pé 65 ni àwọn dókítà ń pè ní èyí tó tètè dé. Bí ẹnì kan bá ní àrùn òyìnbó ni, ẹ sọ fún un pé lọ́dún 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí tọ àwọn àgbàlagbà lọ nílé wọn ní àdúgbò Idikan nílùú Ìbàdàn, tí wọ́n sì yẹ ìrántí wọn wò. Wọ́n rí àìsàn yìí láàárín àwọn Yorùbá ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀ tó ti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi wọ́n wé.

Èròjà méjì ló ń kó jọ sínú ọpọlọ: amyloid ń dì sí àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, tau ń lọ́ mọ́ra nínú wọn, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Hippocampus, ibi tí ohun tuntun ń gbà kọjá kó tó di ohun tí a ò ní gbàgbé, ló sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè sọ irú aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá yín, tí nọ́ńbà tẹ́ ẹ wọ̀n ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn sì ti pòórá. Kì í ṣe àìfọkànsí. Nọ́ńbà yẹn kò ríbi dúró sí rárá.

Ti apá bùbá yẹn, ẹ rí i pé dókítà gbọ́ ọ, ẹ má kà á mọ́ ìgbàgbé lásán. Nínú àwọn tí kò tíì darúgbó, àìsàn yìí lè kọ́kọ́ kọlu apá ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi tí ohun tí ojú rí ti ń yé ọwọ́. Ojú á ríran, ṣùgbọ́n ẹni náà kò ní mọ inú aṣọ yàtọ̀ sí òde, á na ọwọ́ sí ife, kò ní bà á. Irú wọn máa ń pààrọ̀ awò ojú léraléra kó tó di pé wọ́n mọ̀ pé ojú kọ́. Fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ ń sá lẹ́nu rẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú. Gbogbo ohun tó máa ràn yín lọ́wọ́ ní ọdún mẹ́ta sí i, ìsinsìnyí tẹ́ ẹ rò pé ẹ kò tíì nílò rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ti mọ́ ọwọ́ lára máa ń pẹ́ kó tó lọ, ó ń pẹ́ ju ohun tí orí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ìwé tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí kọ lónìí á ti di ìṣe yín kí ìgbàgbé tó le, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá gbé fún yín lọ́dún mẹ́ta òní, ẹ lè máà rántí pé ó wà. Èkejì ṣòroó sọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n: àìsàn yìí máa ń gba ìmọ̀ pé ara kò yá lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe. Ó lè dé ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín á búra pé kò sóhun tó ṣe yín, pé ṣe ni wọ́n fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ yín. Ohun tẹ́ ẹ bá ti fi ẹnu ara yín sọ ṣáájú ọjọ́ náà ló máa gbèjà yín.

Síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọ́n ti yọ àwọn àìsàn tó ń fara jọ èyí kúrò, nítorí òmíràn nínú wọn ṣe é wò. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ púpọ̀ nínú wọn: àyẹ̀wò TSH fún táírọ́ídì tó wà níwájú ọ̀fun, fítámì B12, ṣúgà, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, VIH (HIV), àti sífílíìsì, tó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé ọpọlọ. Skánà orí (àwòrán inú orí) ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣubú lórí zémijàn (ọ̀kadà), kódà bí kò bá dákú. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣun díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ agbárí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó máa tẹ ọpọlọ, kí gbogbo ilé máa pè é ní ìgbàgbé. Iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò. Ìbànújẹ́ ọkàn tó jinlẹ̀ náà máa ń mú ìgbàgbé wá, òun náà sì ní oògùn. Bí wọ́n bá fẹ́ dán ìrántí yín wò, ẹ ní kí wọ́n ṣe é ní Yorùbá. Ẹni tí kò lo Faransé nílé tí wọ́n wá ní kó ka nọ́ńbà sẹ́yìn ní Faransé, èdè ni wọ́n ń dán wò, wọn ò dán ọpọlọ wò.

Gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò, ẹ dà wọ́n sínú àpò kan, títí kan èyí tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, kẹ́ ẹ gbé e lọ. Oògùn orun bíi Valium, Phénergan tí wọ́n ń lò fún ara yíyún àti oorun, Laroxyl tí wọ́n ń lò fún ìbànújẹ́ ọkàn, tramadol tí wọ́n ń lò fún ìrora, gbogbo wọn ló lè mú ìgbàgbé le sí i. Mo ń tẹnu mọ́ Phénergan nítorí ilé tí kò sí nínú rẹ̀ kò pọ̀, tí kò sì sẹ́ni tó kà á sí oògùn gidi.

Bí gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí bá ti kọjá, tó ṣì jẹ́ Alzheimer, oògùn tí wọ́n sábà máa ń kọ ni donepezil: mílígíráàmù 5 lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, lẹ́yìn náà 10 tí ara bá gbà á. Kò lè wo àìsàn yìí sàn, kò sì lè dá a dúró. Ó lè mú kí ọpọlọ mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i fún ìgbà kan, ìyẹn sì tó nǹkan fún ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti àìlè-jẹun ló ń fà jù, pàápàá bí wọ́n bá yára gbé e lọ sí 10. Bí àlá bá ń dà yín láàmú lóru, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè máa lò ó láàárọ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ yín tàbí tẹ́ ẹ dákú, ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ sì tètè lọ rí dókítà, nítorí ó lè mú kí ọkàn máa lù díẹ̀ jù. Bí oògùn bá tán tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ẹ má padà sórí 10 fúnra yín. Ẹ má sì lo Phénergan pọ̀ mọ́ ọn, ohun tí ọ̀kan ń kọ́ ni èkejì ń wó. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè ní fáámasí bóyá ó máa ń dé lóṣooṣù. Nípa abẹ́rẹ́ tuntun bíi lecanemab, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2023, ó gba kí wọ́n máa ya àwòrán orí léraléra nítorí ó lè mú ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín pé òun á bá yín rí i rà níbì kan.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, bí wọ́n bá wà lára yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú wọn dáadáa, wọ́n ń bá ọpọlọ jẹ́ lọ́tọ̀ tiwọn. Ẹ máa rìn lójoojúmọ́, ẹ máa sùn dáadáa. Mi ò ní fa ìyẹn gùn.

Ó wá ku iṣẹ́. Ẹ má tì í lónìí. Ẹ pín in. Gígé aṣọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀, nítorí ó gba kéèyàn di nọ́ńbà mú lórí, kó yí i padà, kó sì rí aṣọ tí kò tíì sí níwájú rẹ̀. Ibi tí àìsàn yìí ń jẹ gan-an nìyẹn, aṣọ tí wọ́n bá sì gé bà jẹ́ kò ṣe é tún ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tó dàgbà jù máa gé, kẹ́ ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rírán lọ ní tààrà, ṣíṣẹ́tí, dídi bọ́tìnnì, ìwọ̀nyí ti wọ ọwọ́ yín lára fún ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Nígbà ìwọ̀n, ẹ má di nọ́ńbà méjì mú lórí. Ẹ na téèpù, ẹ ka ọ̀kan sókè, ọmọ iṣẹ́ á kọ ọ́, á kà á padà fún yín, kẹ́ ẹ tó ká téèpù kúrò níbẹ̀. Kàyé (ìwé àkọsílẹ̀) kan ṣoṣo ni kó wà fún gbogbo oníbàárà, ojú ewé kan fún ẹnì kan: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ìwọ̀n, irú aṣọ, iye tó san, iye tó kù, ọjọ́ tó fẹ́ gbà á. Ẹ fi òwú so kàyé náà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹ̀já kékeré aṣọ oníbàárà, ẹ fi pín-ìn-nì dì í mọ́ ojú ewé rẹ̀. Ẹ ya ojú ewé náà ní fọ́tò pẹ̀lú fóònù, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín. Aṣọ ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa wà lórí tábìlì, ìyókù á wà nínú àpò tí orúkọ wà lára rẹ̀. Bí aṣọ méjì bá pàdé lórí tábìlì, ibẹ̀ ni bùbá ẹnì kan ti máa ń gba apá ẹlòmíràn.

Ti òdì aṣọ, kí ọmọ iṣẹ́ fi ẹfun sàmì sí inú aṣọ kó tó gbé e fún yín, àmì kan fún apá ọ̀tún, méjì fún apá òsì, àmì kan náà ní ibi tí apá á ti wọ èjìká. Kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ dì í kẹ́ ẹ tó gbé e sábẹ́ máṣínnì. Ẹ jẹ́ kí iná pọ̀ níbẹ̀, kí aṣọ tó bo tábìlì má ní ọnà, kó sì jẹ́ àwọ̀ tó yàtọ̀ sí aṣọ tẹ́ ẹ ń rán. Áyọ́ọ̀nù, ẹni méjì ni kó máa wà nídìí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin yẹn ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Ẹ bá ọ̀gá aránṣọ kan tẹ́ ẹ fọkàn tán sọ ọ́, kó gbà láti parí ẹ̀kọ́ wọn kó sì fún wọn lómìnira bí agbára yín kò bá gbé e mọ́. Ẹ pe àwọn òbí wọn sí i, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Owó ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nílé. Owó oníbàárà kò gbọdọ̀ wọ àpò yín kó tó wọ kàyé. Ẹ ṣí àpótí kan tí ẹni méjì á jọ máa ṣí lálẹ́. Lórí MoMo (owó orí fóònù), ẹ fi ìwọ̀nba owó sílẹ̀ sórí fóònù tẹ́ ẹ ń gbé kiri, kí ìyókù wà ní báńkì. Àwọn gbájú-ẹ̀ tó ń pè pé owó ṣèèṣì wọ fóònù yín, irú ẹni tó ń gbàgbé ni wọ́n ń wá. Èésú tẹ́ ẹ ń dá, ẹ kọ orúkọ olórí rẹ̀, iye, àti ọjọ́ tó kàn yín. Gbèsè tẹ́ ẹ jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ yín, bákan náà.

Ìwé ilẹ̀, ìwé ṣọ́ọ̀bù, CIP (ìwé ìdánimọ̀ yín), ìwé ìbí àwọn ọmọ, ẹ kó wọn sójú kan, kí ẹni méjì mọ ibẹ̀. Kẹ́ ẹ wá lọ sọ́dọ̀ notaire, amòfin tó ń ṣe ìwé àdéhùn, pẹ̀lú ẹni tẹ́ ẹ yàn, kí wọ́n ṣe procuration (ìwé àṣẹ láti ṣojú yín) fún un lórí báńkì àti dúkìá. Ẹ mú ìwé dókítà tó sọ pé òye yín ṣì pé lọ́jọ́ náà dání. Ẹ má fi falẹ̀: ìwé tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí nígbà tí òye ti lọ, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí lè pe ẹjọ́ lórí rẹ̀, ó sì lè bọ́ sí ọwọ́ adájọ́ láti yan ẹni tó máa bójú tó nǹkan yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ notaire ohun tí òfin sọ nípa procuration yẹn lọ́jọ́ tí òye bá lọ tán. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé títa ilẹ̀ kankan láìjẹ́ pé ẹni tẹ́ ẹ yàn wà níbẹ̀. Mo sọ ìyẹn nítorí pé ìgbà tí àìsàn bá wọlé ni ẹbí ọ̀nà jíjìn máa ń rántí ilẹ̀.

Nínú ilé, kpayó ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bẹntiróòlù inú ìgò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò omi ṣe é gbé mu fún ẹni tí ojú àti ọpọlọ rẹ̀ kò jọ sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ gbé e kúrò nílé pátápátá. Kí wọ́n fi ìdérí tó ní àgádágodo sórí kànga. Èédú tó ń jó, kẹ́ ẹ má fi í sílẹ̀ lọ ibòmíràn. Kọ́kọ́rọ́ á ní ìṣó tirẹ̀ lára ògiri, oògùn á ní àpótí oníyàrá méje, ọjọ́ kan sí yàrá kan.

Lóde, ẹ má lọ ọjà Wàńdó ní ẹ̀yin nìkan mọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà ọmọ yín méjì sínú aṣọ tẹ́ ẹ máa ń wọ̀, kẹ́ ẹ sì yan onízémijàn kan tàbí méjì tó mọ ilé. Bẹ́ ẹ bá ṣìnà, ẹ dúró lójú kan, ẹ pe ọmọ. Kí àwọn ará ilé sì mọ̀ pé ẹni tó bá sọnù sábà máa ń forí lé ibi tó ń gbé tàbí tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo inú kànga àti igbó tó wà nítòsí, kí wọ́n tó lọ sí ibi tó jìnnà. Kí wọ́n má dúró di ilẹ̀ ṣú.

Ti Kétu. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà tàbí ètùtù ilé baba rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ, kẹ́ ẹ mú ọmọ yín kan dání. Àgbo tàbí àgúnmu tí wọn kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má mu ún, ó lè pàdé donepezil nínú ara. Ẹ má gba gbẹ́rẹ́ pẹ̀lú abẹ tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Kí wọ́n má sì bi yín ní ìbéèrè títí tẹ́ ẹ fi máa jẹ́wọ́ ohun kan. Ọpọlọ tó ń ṣàìsàn máa ń fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ dí ibi tó ṣófo, ó sì lè gba ohunkóhun tí wọ́n bá ń bi í léraléra. Báyẹn ni wọ́n ṣe ń pe aláìsàn ní àjẹ́.

Ó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ẹ máa fi owó síbì kan, ẹ ó gbàgbé, ẹ ó sì fura sí ẹni tó sún mọ́ yín jù. Ẹ sọ ọ́ fún wọn báyìí, kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Kí wọ́n má jiyàn, kí wọ́n má sọ pé "ṣé ẹ ò rántí ni?" Kí wọ́n ní "ẹ jẹ́ ká jọ wá a". Bí Faransé bá ń lọ lẹ́nu yín, kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n máa sọ Yorùbá. Èdè tí a fi tọ́ni máa ń pẹ́ ju èyí tí a kọ́ níwèé. Kí wọ́n máa kì yín ní oríkì yín. Orin àti oríkì máa ń dúró nígbà tí orúkọ ọmọ ti lọ.

Àwọn ọmọ yín wá ńkọ́? Jíìnì (ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) mẹ́ta ni wọ́n mọ̀ tó jẹ́ pé, bí àbùkù bá wà nínú ọ̀kan, ó lè gbé èyí tó tètè dé láti ọ̀dọ̀ òbí sọ́dọ̀ ọmọ: APP, PSEN1 àti PSEN2. Bí òbí bá ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdajì àǹfààní láti jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní i kí wọ́n tó pé 65 kò ní àbùkù nínú ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ewu ọmọ wọn kàn fi díẹ̀ ju ti ọmọ ẹlòmíràn ni. Ìtàn ìdílé ló máa kọ́kọ́ fi hàn: ṣé bàbá tàbí ìyá yín, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn, tàbí àwọn bàbá àgbà, ẹnì kan wà nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣarán nígbà tí kò tíì darúgbó, ní ìran méjì tàbí mẹ́ta léraléra? Bí kò bá sí, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Bó bá wà, dókítà á sọ bí wọ́n ṣe ń yẹ jíìnì wò, ọmọ tó ti dàgbà ló sì máa pinnu fúnra rẹ̀ bóyá òun fẹ́ mọ̀. Ẹ má mú ọmọdé lọ. Bẹ́ ẹ bá lọ sí Kétu, ẹ lo ìrìn àjò yẹn láti bi àwọn àgbà ilé ní ìbéèrè yìí, kí ọmọ tó bá yín lọ kọ orúkọ àti iye ọdún ẹni kọ̀ọ̀kan sínú kàyé, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún dókítà ọpọlọ ní CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, nígbà tẹ́ ẹ bá tún padà sí Kútọnu.